Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa fọ́tò yín rẹ́

Ẹ̀yin tá a jọ ń fi kámẹ́rà jẹun, ohun tójú mi rí ní Ìdúmọ̀tà lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣì ń dùn mí wọra. Àwọn alábàárù ni mo ń yà lójú títì. Mo kí wọn, wọ́n sì gbà fún mi. Bàbá kan tó ru ìdì aṣọ ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi ni ọkùnrin aláṣọ ìjọba kan já kámẹ́rà gbà lọ́rùn mi.

“Ta ló ní kó o máa ya fọ́tò níbí?”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ojú títì la wà.” Kò dá mi lóhùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa fọ́tò náà rẹ́ níkọ̀ọ̀kan, á fi hàn mí, á wá tẹ̀ ẹ́. Mo rí ẹ̀rín bàbá yẹn, mo rí iṣan ọrùn rẹ̀ tó yọ, ó tẹ̀ ẹ́, ó di àwátì. Èrò yí wa ká, wọ́n ń wò mí bí olè.

Yíya fọ́tò lójú títì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Abala 39 ìwé òfin 1999 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìròyìn ká sì tàn án kálẹ̀. Òfin àṣírí ìjọba ti 1962 tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá, ibi tí ìjọba ń ṣọ́ ló ń sọ, àti ẹni tó ní èrò ibi sí ààbò ìlú. Ìdúmọ̀tà kì í ṣe bárékè! (Bárékè gan-an, ẹ má yà á.)

Kódà ká ní mo ṣẹ̀, ṣebí fọ́tò yẹn ni ẹ̀rí? Ta ló ń pa ẹ̀rí rẹ́? Ẹ má fọwọ́ ara yín pa á. Ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ bá ọ̀gá wọn. Abala 35 gbà yín láyè láti dákẹ́ títí ẹ ó fi rí lọ́yà. Tí wọ́n bá yọ ìbọn, ẹ fi kámẹ́rà sílẹ̀ fún wọn, ẹ̀mí ló jù.

Tí wọ́n bá ti pa á, ẹ yọ káàdì tí fọ́tò ń wọ̀ sí nínú kámẹ́rà lójú ẹsẹ̀, ẹ má ya nǹkan míì sí i, torí fọ́tò tuntun ló ń gba àyè èyí tí wọ́n pa. Ọmọkùnrin kan ní Computer Village bá mi gba èyí tó pọ̀ jù padà. Ẹ kọ ẹ̀sùn sí àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ ni. Mo ti kọ tèmi.