Oṣù gùn ju owó lọ

Ọjọ́ 23 oṣù, ₦500 ló ṣẹ́kù sí mi lápò. Dátà ti tán, iná ò sí. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń ka ewúrẹ́ tó ń kọjá. Bàbá onílé bá pè mí: "Ìwọ yìí, ṣé o mọ ayò ta?" Mo ní díẹ̀díẹ̀, sà. Irọ́ ni o!

Wọ́n gbé ọpọ́n jáde, ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta nínú ọmọ ọ̀hún ti sọnù, ẹ̀kùrọ́ la fi dípò. Bàbá rọra ń kó odù, ìyẹn ọmọ ayò rẹpẹtẹ, jọ sí ihò kan, wọn ò fọwọ́ kàn án, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi ò fura. Ìgbà tí wọ́n gbé e, ó yí ọpọ́n po, ó tún padà bá mi ní ìhà tèmi, ó jẹ mí ní mẹ́ta, méjì, mẹ́ta léra wọn. Bàbá ní: "Ọ̀pẹ, ìwọ tí ò mọ ayò ta! Ta ló kọ́ ẹ?" Àwọn ọmọ ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n nà mí. Ìgbà tí màá fi gbójú sókè, ilẹ̀ ti ṣú. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́la, kí n gbé àpótí ìjókòó tèmi dání.