Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi mítà òòfà dẹ́rù bà yín

Inú mi ò tíì rọ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Àbúrò mi tó lóyún ń gbé ní Tanke, tírànsífọ́mà sì wà níwájú ilé wọn. Ọkùnrin kan tó ń ta sítíkà tí wọ́n ní ó ń dá òòfà iná dúró wọlé tọ̀ ọ́ pẹ̀lú mítà kékeré tí wọ́n fi ń wọ̀n òòfà yẹn, ìyẹn agbára òòfà tí iná tó ń ṣàn ń mú wá, ó gbé e lé ara sítábíláísà fíríìjì, nọ́ḿbà fò kọjá 30 microtesla, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọ̀n òòfà. Ó ní tírànsífọ́mà ló fà á, pé oyún ti wà nínú ewu.

Nígbà tí mo débẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kọ́rídọ̀ ni àbúrò mi jókòó sí. Ó ti pa gbogbo iná, ó ti di ẹrù sínú Ghana-must-go, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn. “Bọ̀dá, ṣé mo ti pa á ni?” Kò sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ tó wọ̀ ọ́ létí. Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Owó ìkómọ tó ń tọ́jú ni ọkùnrin yẹn gbà lọ nítorí sítíkà.

Mo yá mítà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ iná. Lórí ibùsùn àbúrò mi, 0.06 microtesla ni. Ó ti ń sùn nílé padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹ̀gbẹ́ tírànsífọ́mà bíi tiwa, ẹ má gba nọ́ḿbà tí wọn ò sọ ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Sítábíláísà yẹn náà ni a sún sẹ́yìn sí bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, 30 di 0.2! Bí èèyàn bá ṣe ń jìnnà ni òòfà ń rọ, kíákíá ló sì ń rọ. Ibi tí ẹ ń sùn ni kí ẹ wọ̀n.

Kí iná wà nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n o, lálẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń lò ó, torí iná tó ń ṣàn ló ń mú òòfà yìí wá. Bí mítà bá jẹ́ oníhà kan, tí kì í wọ̀n ju ìhà kan ṣoṣo lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ yí i síhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ gbé e dúró jẹ́ẹ́. Sítíkà ò lè dá òòfà iná dúró. Ògiri gan-an ò dá a dúró.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mò ń gbèjà àwọn oníná. Mi ò sọ pé kò sí ohun tó yẹ ká wò. Ìlànà ICNIRP, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà ààbò lórí irú agbára báyìí, ti 2010 fi 200 microtesla ṣe òdiwọ̀n fún aráàlú níbi iná 50 hertz bíi tiwa. IARC náà, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ní 2002, fi òòfà yìí sára ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ, nítorí ìwádìí lórí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé nínú ilé tí òòfà ibẹ̀ kọjá 0.3 sí 0.4 microtesla. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba ibi tí ọmọ ń gbé tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ara sítábíláísà.