Ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó gé e: ẹ̀kọ́ tí òkúta òróòro kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ tíátà iṣẹ́ abẹ, ohun tó ti mọ́ wa lójú ló ń tàn wá jẹ jù nínú iṣẹ́ yìí.

Ẹ mú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS. Ẹ̀jẹ̀ wọn kì í pẹ́ fọ́, bilirúbìn, ìyẹn èròjà aláwọ̀ ìyeyè tó ń tibẹ̀ jáde, ló sì ń di òkúta dúdú nínú àpò òróòro, kódà lára ọmọdé. Ojú wọn ti máa ń pọ́n bí ìyeyè tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí òkúta bá wá bọ́ sínú ọ̀nà tí òróòro ń gbà lọ sí ìfun, gbogbo èèyàn á ní, "Bó ṣe máa ń rí nìyẹn." Ẹ má gbà. Ẹ bi ìyá rẹ̀ bóyá pípọ́n tòní ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bóyá ìtọ̀ ti dúdú, tí ìgbẹ́ sì ti funfun. Tí síkáànù bá fi hàn pé ọ̀nà náà fẹ̀ ju mìlímítà 6 lọ, ẹ fura. Tí ibà àti òtútù bá bá a rìn, pàjáwìrì ni.

ERCP la fi ń yọ òkúta ọ̀nà yẹn: rọ́bà oníkámẹ́rà á gba ọ̀nà ọ̀fun dé ìfun, a ó la ẹnu ọ̀nà náà díẹ̀, a ó sì fa òkúta jáde. Ẹ má fi ṣe àyẹ̀wò lásán o; ó lè mú kí páńkíríàsì, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, wú.

Ní ti àpò fúnra rẹ̀, dókítà oníṣẹ́ abẹ Erich Mühe ló kọ́kọ́ gba ojú ihò kéékèèké yọ ọ́, ní Böblingen, Jámánì, ní 1985. Ó dára púpọ̀ fún ẹni SS, torí ìrora rẹ̀ kéré, á lè mí dáadáa. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fa àpò náà sókè jù, ọ̀nà ńlá tí òróòro ń gbà lọ sí ìfun á nà gbọọrọ, á bọ́ sí ìlà kan náà pẹ̀lú ọrùn àpò, ẹ ó sì rò pé òun lẹ fẹ́ gé. Ẹ fà á sápá ọ̀tún aláìsàn. Ní 1995, dókítà oníṣẹ́ abẹ Strasberg là á yé wa: ẹ kó ọ̀rá ibẹ̀ kúrò, ẹ ṣí ìsàlẹ̀ àpò kúrò lára ẹ̀dọ̀, kó ku nǹkan méjì péré tó wọnú àpò: ọ̀nà kékeré tirẹ̀ àti òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ wò ó níwájú, ẹ wò ó lẹ́yìn. Tó bá ku mẹ́ta, ẹ má tíì mú kílíìpù tá a fi ń dì wọ́n ká tó gé wọn.

Tí gbogbo ibẹ̀ bá ti lẹ̀ pọ̀, ẹ pe ọ̀gá. Ẹ lè fi díẹ̀ sílẹ̀ lára àpò náà, ẹ sì lè la ikùn. Ẹ ti sọ fún aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ kó tó fọwọ́ síwèé, kí àyà wọn má baà já tí wọ́n bá rí ojú ọgbẹ́ gígùn.