Ojú Mi Ọ̀tún Tún Ríran

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Lánàá ni dókítà yẹ̀ mí wò, tí ó sì sọ pé gáàsì tí wọ́n fi sí ojú mi ọ̀tún ti pòórá tán. Mo ka lẹ́tà ara ògiri dé ìlà kẹrin.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé SC ni ẹ̀jẹ̀ mi, ọ̀kan lára àrùn fòníkú-fọ̀ladìde bíi SS. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ pé SC kò le tó SS, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀, nítorí eegun kì í fi bẹ́ẹ̀ ro mí. Ojú ni ó ń bá mi jà lábẹ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ bí dòjé a máa dí iṣan tín-ín-tìn-ìn-tín tí ó wà ní etí rẹ́tínà (awọ ẹ̀yìn ojú tí a fi ń ríran), ojú a sì hu iṣan tuntun tí kò lágbára, tí ó máa ń bẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ á sì dà sínú ẹyinjú. Àwa SC ni èyí sì ń ṣe ju àwọn SS lọ. Ẹ̀yin òbí ọmọ SC, láti bí ọmọ ọdún 10, ẹ máa mú wọn lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀yìn ojú lọ́dọọdún. Ẹ má sọ pé ojú kò dùn wọ́n. Tèmi kò dùn mí rí.

Mo ń to aṣọ ìsìnkú Màmá sínú àpótí ní òwúrọ̀ Sátidé kan nígbà tí nǹkan dúdú bí òwú aláǹtakùn bẹ̀rẹ̀ sí fò níwájú mi. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, aṣọ pupa ti bo gbogbo rẹ̀. Mo fi ọwọ́ bo ojú òsì, n kò rí ìka ara mi. Màmá ni mo ké pè, ẹni tí ó ti wà ní ilé ìgbókùúsí.

Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, wọ́n rí i pé àwọn iṣan náà ti ń fa rẹ́tínà kúrò ní àyè rẹ̀. Wọ́n ti okùn kan tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó mìlímítà 1 bọ inú ẹyinjú mi, kámẹ́rà, iná àti ìtànṣán lésà sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde, wọ́n sì fi lésà jó etí rẹ́tínà tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́, kí ó má baà tún hu iṣan mìíràn. Gáàsì ni wọ́n fi ti rẹ́tínà padà sí àyè rẹ̀, wọ́n sì kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ wọ bàálù, nítorí gáàsì máa ń wú lójú òfurufú, ó sì lè fọ́ ojú náà pátápátá.

Báyìí ni n kò ṣe lè dé ibi ìsìnkú ìyá tí ó bí mi. Ẹ̀yin ẹbí tí ẹ kọ ọ́ sí WhatsApp pé ìnáwó ni mo ń sá fún, èmi ni mo ra pósí. Mo ti dárí jì yín, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí.

Kí ni kí n fi san án fún àbúrò mi? Ọjọ́ 7 ni mo fi dojú bolẹ̀ tọ̀sán-tòru, ọjọ́ 7 náà ni ó fi gba ìsinmi níbi iṣẹ́ rẹ̀, tí ó ń bọ́ mi, tí ó ń kán oògùn sí mi lójú. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó gbé fóònù sílẹ̀ lábẹ́ ojú mi, òun náà dojú bolẹ̀ tì mí, a jọ ń wo bí wọ́n ṣe ń sọ Màmá kalẹ̀. Omijé mi ń kán sórí fóònù, ó sì ń nù ún kúrò kí n lè fi ojú òsì ríran.

Gáàsì ti tán báyìí. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ojú oórì Màmá ni n ó kọ́kọ́ yà sí.