Òdòdó Aláwọ̀ Aró Tó Wà Lẹ́yìn Gáréèjì Wa

Ẹ̀yìn gáréèjì wa ní Ṣíkágò kì í rí òòrùn tó bó ṣe yẹ. Igi ńlá aládùúgbò ti bo gbogbo ibẹ̀. Òdòdó tí mo rà ní ọjà kì í pẹ́ kú níbẹ̀. Àmọ́ èyí tẹ́nikẹ́ni ò gbìn ti ga tó mi báyìí, ó sì ń tanná.

"Ìyá Tóbi, igbó yìí ti pọ̀ jù o, ẹ jẹ́ n fà á tu."

"Bàbá Tóbi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án."

American bellflower ni wọ́n ń pè é, ọmọ onílẹ̀ sì ni. Láti Ontario ní Kánádà títí wọ àríwá Florida ló ti ń hù. Tẹ́ ẹ bá gba inú igbó ìjọba Cook County, àgbègbè tí Ṣíkágò wà, lóṣù keje tàbí ìkẹjọ, létí odò àti lábẹ́ igi níbi tí ilẹ̀ ti tutù, ẹ lè bá a pàdé.

Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, mo máa ń lọ dúró tì í kí n tó wọlé lọ sùn. Òdòdó kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó íńṣì kan, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí aṣọ tí aláró ṣẹ̀ṣẹ̀ rì lẹ́ẹ̀kan péré, ayìnrín tó mọ́lẹ̀. Òrùka funfun yí àárín rẹ̀ ká. Nǹkan tín-ínrín kan ti ibẹ̀ yọ jáde, ó tẹ̀ wá sísàlẹ̀, ó sì ká orí sókè. Ara nǹkan yìí ni lẹ́búlẹ́bú òdòdó kọ́kọ́ máa ń wà, tí oyin ńlá onírun á fi ara kó o lọ. Ó dìgbà tó bá yá kí orí rẹ̀ tó pín sí mẹ́ta láti gba ti òdòdó mìíràn.

Èyí tó bá hù kí òtútù tó dé á fara da yìnyín, á sì tanná nígbà ooru tó tẹ̀ lé e. Èyí tó bá hù lẹ́yìn òtútù, ewé ilẹ̀ lásán ni yóò fi ọdún yẹn ṣe; ó di èèmíì kó tó nà sókè. Tó bá ti so irúgbìn, ó kú nìyẹn. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà kí wọ́n gé e kó tó so.

Tó bá gbẹ, mo máa gbọn irúgbìn rẹ̀ sínú àpò bébà. Ẹni tó wà nítòsí tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ṣókùnkùn bíi tèmi kó sọ̀rọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Orí iyẹ̀pẹ̀ ni kẹ́ ẹ fọ́n ọn sí o, ẹ má bò ó mọ́lẹ̀. Ó fẹ́ ìmọ́lẹ̀ kó tó hù.