Orúkọ fáìlì wà níbẹ̀, fáìlì kò sí: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Agbowó

Iṣẹ́ títẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe ní Agbowó, ní ọ̀kánkán Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń gbé próójẹ́ẹ̀tì wọn wá fún títẹ̀, títò àti dídì. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló ṣẹlẹ̀ sí, lórí ìwé ìtàn agbo ilé wọn nítòsí Mápó, ọwọ́ mi ni ìwé náà sì wà nígbà tó ṣẹlẹ̀. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní irú ètò tí mo ní nígbà náà, tí ọkàn wọn sì balẹ̀ lé e lórí gẹ́gẹ́ bí ọkàn tèmi náà ṣe balẹ̀.

Ètò méjì ni mo ní. Èkíní ni File History, èyí tí Microsoft ti ń fi sínú Windows láti ìgbà Windows 8 ní ọdún 2012. Bí a bá ti ki hard disk bọ ara kọ̀ǹpútà, tí a sì ti tan ètò náà, yóò máa yẹ àwọn fódà wa wò ní wákàtí wákàtí, fáìlì tó bá sì ti yí padà ni yóò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí hard disk náà, yóò sì fi ọjọ́ àti aago kún orúkọ rẹ̀. Aago UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ni ó ń lò, èyí tó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa, nítorí náà iṣẹ́ tí mo bá ṣe ní aago méjì ọ̀sán, 13 ni n óò bá lára orúkọ ẹ̀dà rẹ̀. Mo fẹ́ràn àwọn nọ́ńbà yẹn gan-an. Bí àgbẹ̀ ṣe ń wo àká rẹ̀ ni mo ṣe máa ń wò wọ́n. Èkejì ni OneDrive, fódà kan ṣoṣo tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi àti lórí láptọ́ọ̀pù ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi, tí ohun tí ẹnì kan bá tẹ̀ sínú rẹ̀ ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún ni ọwọ́ fi ń mọ́, mo sì rò pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ètò méjèèjì yóò ṣe máa ran ara wọn lọ́wọ́.

Orí kìíní àti orí kejì ìwé Màmá ni mo fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mi. Nígbà tí iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀ mí lọ́rùn, mo fa ìyókù lé ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi lọ́wọ́, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù tirẹ̀. Ní ọjọ́ kan, Màmá mú bàbá àgbàlagbà kan wá láti inú agbo ilé náà. Bàbá jókòó sórí àga onírọ́bà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń ki oríkì ẹni tó tẹ agbo ilé wọn dó, ọmọ náà sì ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Bàbá gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ọmọ mi, dúró ná, jẹ́ kí n mí." A kò gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn èyí, Màmá lọ sí Àbújá lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó sì lo ọ̀sẹ̀ méje níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, láptọ́ọ̀pù ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi kún. Ó wò ó pé fódà Màmá wà lórí kọ̀ǹpútà mi, àti pé hard disk náà kò gbọ́dọ̀ má ní in, ló bá pa á rẹ́ lórí tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà kìlọ̀ fún un pé ohun tó bá pa rẹ́ níbẹ̀ yóò pa rẹ́ níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ó ti tẹ OK kó tó kà á tán. Ohun tó yẹ kó yàn ni Free up space, èyí tí í yọ fáìlì kúrò lórí ẹ̀rọ ẹni nìkan, tí í sì fi í sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dígí ni fódà sync, irú fódà OneDrive yìí tí ẹ̀rọ méjì jọ ń lò: bí o bá nu ojú rẹ, ẹni inú dígí náà yóò nu tirẹ̀. Fódà Màmá kúrò lórí kọ̀ǹpútà tèmi pẹ̀lú, ó wọ inú Recycle Bin OneDrive, ibi tí ohun tí a pa rẹ́ ń lọ, níbi tí fáìlì àkáǹtì aládàáni ti máa ń lo ọgbọ̀n ọjọ́, lẹ́yìn náà ó lọ pátápátá.

Nígbà tí Màmá dé, tí mo wá fódà náà tì, ẹ̀rù kò tíì bà mí. Mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, ó wà nínú hard disk." Mo ṣí i lójú wọn. Orí kìíní wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹ̀dà rẹ̀, orí kejì náà wà. Láti orí kẹta títí dé orí keje, n kò rí ẹyọ kan.

Ó gbà mí ní ọjọ́ méjì kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Láti ọdún 2017 ni OneDrive orí Windows 10 ti ní ohun tí wọ́n ń pè ní Files On-Demand. Fáìlì tí wọ́n bá ṣe lórí ẹ̀rọ mìíràn kì í sọ̀ kalẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tìrẹ ní tààràtà. Orúkọ rẹ̀ yóò hàn, bó ṣe tóbi tó yóò hàn, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é yóò hàn, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ní dé àfi ìgbà tí o bá ṣí i. N kò sì ṣí orí kẹta títí dé orí keje rí, torí pé n kò rí ìdí tí mo fi ní láti ṣí i. Microsoft fúnra wọn sọ ọ́ kedere pé fáìlì OneDrive tó bá wà lórí kọ̀ǹpútà láìlo íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni File History ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ètò kọ̀ọ̀kan ṣe iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún. Èmi ni n kò kà á. Ìgbín ti lọ, ìkarahun ni mo jókòó tì.

Ìwé àjákọ Màmá ni ó gbà wá lórí orí mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ méjì ni a sì fi tún un tẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Oríkì yẹn ni kò ní ìwé àjákọ. Bàbá padà wá, ó jókòó sórí àga kan náà, ó sì kì í. Ohun tó dára ló kì, àwọn gbólóhùn kan tilẹ̀ wọlé tí kò sí níbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n apá tó sọ nípa ìyá ẹni tó tẹ ilé náà dó, tí Màmá tìtorí rẹ̀ mú un wá, kò jáde. Màmá bi í léèrè. Bàbá ní, "Bó ṣe wá lọ́jọ́ yẹn ló ṣe wá. Èyí ló wá lónìí." Màmá kò bá mi jà. Ó kàn ń fi ọwọ́ ra etí tábìlì mi títí wọ́n fi lọ, n kò sì lè gbé ojú sókè.

Ní báyìí, àwòrán kékeré ẹ̀gbẹ́ orúkọ fáìlì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ àwọsánmà aláwọ̀ búlúù, fáìlì náà kò sí lọ́wọ́ rẹ, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ hàn tó. Bó bá jẹ́ òbìrí funfun tí àmì máàkì aláwọ̀ ewé wà nínú rẹ̀, irú èyí tí olùkọ́ máa ń fi sí ìdáhùn tó tọ́, fáìlì náà ti sọ̀ kalẹ̀ nítorí pé o ti ṣí i rí, ṣùgbọ́n Windows lè dá a padà sí àwọsánmà bí àyè bá há, má sì gbẹ́kẹ̀ lé e. Òbìrí tó kún fún àwọ̀ ewé, tí àmì máàkì rẹ̀ funfun, ni ó dúró. Láti sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, fi bọ́tìnnì ọ̀tún ara máòsì tẹ fódà náà, kí o sì yan "Always keep on this device". Odidi fódà ni kí o ṣe é fún, kì í ṣe fáìlì kọ̀ọ̀kan, kí èyí tí wọ́n bá ṣe lọ́la náà lè sọ̀ kalẹ̀. Yóò jẹ dátà, yóò sì gba àyè, mo mọ̀.

Ẹni tó ń lo Mac, kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ Apple, pẹ̀lú Time Machine, ètò ìṣẹ̀dà-pamọ́ tirẹ̀, kò bọ́ nínú rẹ̀: bí "Optimize Mac Storage" bá wà ní títàn fún iCloud, èyí tó dà bí OneDrive lọ́dọ̀ Apple, fáìlì tó bá ti kúrò lórí Mac kò ní sí fún Time Machine láti dà kọ.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ dan-in dan-in mú. Bí ẹ bá fẹ́ gba ẹ̀dà àtijọ́ padà láti inú hard disk, ẹ má ṣe dá a padà sójú ibi tó ti kúrò nínú fódà sync, nítorí pé bí ẹ bá ti gbà kó gorí èyí tuntun, yóò dé orí gbogbo ẹ̀rọ yòókù. Ẹ yan "Restore to", kí ẹ sọ ọ́ sínú fódà mìíràn, kí ẹ fi ojú yín wé méjèèjì, kí ẹ tó gbé èyí tó tọ́ wọlé. Bákan náà, ẹ má ṣe fi ẹ̀dà ìpamọ́ yín sínú fódà sync pé kó lè dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀dà wákàtí wákàtí yóò tètè kún 5GB ọ̀fẹ́ ti OneDrive tàbí 2GB ti Dropbox, ètò mìíràn tó dà bí OneDrive, bí àyè bá sì ti kún, iṣẹ́ tòní gan-an kò ní rí ọ̀nà gòkè.

Bí NEPA bá mú iná lọ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì bá a lọ, tí ẹni méjì ṣe àtúnṣe sí fáìlì kan náà, ẹ ó bá méjì níbẹ̀ nígbà tó bá padà dé, tí orúkọ kọ̀ǹpútà kan yóò wà lẹ́yìn ọ̀kan. Ẹ kà méjèèjì kí ẹ tó pa èyíkéyìí rẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí a tó ti ṣọ́ọ̀bù, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ni ó máa ń ki hard disk náà. Èmi yóò dárúkọ fáìlì kan, ọ̀kan nínú èyí tí òun tẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù tirẹ̀, yóò sì ṣí i láti inú hard disk, kì í ṣe láti inú OneDrive, yóò ka ìlà tó gbẹ̀yìn inú rẹ̀ sókè. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, orí kẹrin iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ni. Ó kà á, mo gbọ́, ó yọ wáyà rẹ̀, mo sì fi hard disk náà sínú báàgì mi, mo gbé e lọ sílé.