Ọjọ́ tí súpáfáísọ̀ mi bá mi kọ́ SS2

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi wá ibi tí mo máa forí pa mọ́ sí. Tíṣà ni mí, Báyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 níléèwé girama kan nínú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, bẹ́ẹ̀ èmi náà tún ń lọ síléèwé o, másítàsì ni mò ń ṣe, ọdún kẹta rèé lórí ohun tó yẹ kó ti parí tipẹ́, ẹ má bèèrè jàre. Ohun tí mò ń kọ ìwé lé lórí gan-an ni bí àwọn tíṣà ṣe ń lo ẹ̀rọ ìgbàlódé nínú kíláàsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Pírínsípà wa ló pè wá lọ́jọ́ kan pé àwọn tó ti jáde níléèwé wa ra purojẹ́kítọ̀ ránṣẹ́, ta ló mọ̀ ọ́n lò? Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ọwọ́ mi ti wà lókè. Mi ò fọwọ́ kan purojẹ́kítọ̀ rí láyé mi o! Mo ṣáà ti ka ìwé bíi 40 nípa ẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo máa lò ó, purupósà mi, ìwé ètò iṣẹ́ ìwádìí másítàsì yẹn, ni mo jókòó tì. Súpáfáísọ̀ mi, ọ̀gá tó ń yẹ iṣẹ́ náà wò, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a padà, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pọ́n bí ẹni pé wọ́n da epo sí i. Ọ̀gá yẹn kì í bú èèyàn, ṣùgbọ́n tó bá kọ "Who said so?" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ tó o fi ọjọ́ mẹ́ta rò, wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé kì í ṣe ìwọ. Mi ò kà á tán tóorun fi gbé mi lọ, mo kàn pa laptop dé.

Ilẹ̀ mọ́, mo jẹ ọkà (ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Àjílété ni wá, àwa kì í fi ẹ̀kọ ṣíwájú ọkà), mo gun ọ̀kadà láti Sábó, mo débẹ̀, àwọn ọmọ ti fi bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì bo fèrèsé kí kíláàsì lè ṣú. Mo ki wáyà bọ̀ ọ́, iná tàn sára ògiri, wọ́n pariwo yéè! Mo wá ń wá fáìlì ẹ̀kọ́ nípa ọkàn (heart) tí mo fẹ́ fi kọ́ wọn, mi ò rántí pé gbogbo ohun tí mò ń tú lórí laptop làwọn náà ń rí lára ògiri. "Proposal." "Proposal correct." "Proposal correct correct." "Proposal final." "Proposal final Jesu gba mi." Ọmọ kan níwájú ka èyí tó kẹ́yìn sókè ketekete, gbogbo kíláàsì dáhùn pé "Àmín!"

Ojú tì mí débi pé ọwọ́ mi ṣi títẹ̀, purupósà ló ṣí, ó sì ṣí síbi tí mo sùn sí gan-an, gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀gá tò lọ bẹẹrẹ lára ògiri. Mo gbá rìmóòtù mú, mo tẹ bọ́tìnnì kan tí mo rò pé á pa á, mo sáré ti fáìlì lórí laptop, mo ṣí ti ọkàn, àwòrán ẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ara mi wá wálẹ̀. Àṣé Freeze ni mo tẹ̀. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé ohun tó bá wà lára ògiri á dúró gbọin síbẹ̀, kóo máa ṣe ohun tó wù ẹ́ lórí laptop. Èmi sì rèé, mo kẹ́yìn sí ògiri, laptop nìkan ni mò ń wò.

Mo wá bẹ̀rẹ̀. Mo ní yàrá 4 ló wà nínú ọkàn, ẹ̀jẹ̀ tó ti lọ káàkiri ara á gba apá ọ̀tún wọlé, ọkàn á tì í lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró kó lọ gba atẹ́gùn, á gba apá òsì padà wá, ibẹ̀ ni wọ́n á ti fi agbára tì í jáde sí gbogbo ara. Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, SS2 tí mi ò rí kí wọ́n dákẹ́ rí! Mo ní nínú ara mi, ohun tí mo kọ sínú orí kejì purupósà mi nìyí o, ọ̀gá ló ń bèèrè pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Ó yá, ẹ wo ara ògiri, báwo lẹ ṣe rí ẹ̀jẹ̀ yẹn sí?"

Ọmọbìnrin kan dìde. "Poor flow, mà."

Mo ní kí ló dé? Èkejì nawọ́. "Mà, wọ́n tún ní where is the gap."

Mo ní rárá o, kò sí gap, kò yẹ kí ihò wà láàárín ọ̀tún àti òsì ọkàn, tí ihò bá wà níbẹ̀ àìsàn nìyẹn.

"Ṣùgbọ́n mà, wọ́n ní kẹ́ ẹ wá a."

Ibi tí mo ti ń ronú ìyẹn ni Fáìsì Pírínsípà yọjú lẹ́nu ọ̀nà, bàbá wo ògiri, wọ́n wò mí. "Ìyá Ìbejì, ta ló ń bá yín jà lára ògiri?"

Mo yíjú. Yéè! Mo fò dúró síwájú purojẹ́kítọ̀ kí iná ẹ̀ má baà dé ògiri mọ́, ni "REWRITE" bá bọ́ sí mi láyà gbàgàdà, lára búláòsì funfun. Bàbá ló fa wáyà yọ. Wọn ò sọ nǹkan kan, èjìká wọn ṣáà ń mì bí wọ́n ṣe ń lọ.

Mo rò pé ó ti parí, àfìgbà tí mo kó nóòtù wọn wálé láti máàkì. Ẹ̀yin tíṣà ẹ mọ̀ pé ohun tí ọmọ bá rí níwájú ló máa kọ. "The Heart" lókè, wọ́n fi rúlà fa ìlà sábẹ́ ẹ̀, lábẹ́ ìyẹn, "Poor flow. Where is the gap? Find it. Who said so?" Nóòtù 41, bákan náà ni gbogbo wọn rí. Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń fi bírò pupa fa igi lé e lórí, títí mo fi dé ti ọmọ kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn, tí kì í dáhùn ìbéèrè. Òun kọ ọ́ dópin. Ìlà tó kẹ́yìn ní: "Table 2: your percentages add up to 110. See me on Friday."

Èmi ò tíì kà débẹ̀. Mo ṣí purupósà, mo ro ó pọ̀, 110 ni lóòótọ́.

Mo fún un ní 10 nínú 10. Lọ́jọ́ kejì ó wá gba nóòtù ẹ̀, mo ní kó fi sílẹ̀ lọ́wọ́ mi dọjọ́ Fúráídè.